Láti Inú Dàn dé Ilẹ̀ Ìbínú

Bí ènìyàn bá dúró ní ibùdókọ̀ kan ní Èkó, tó ní Benin ni òun ń lọ, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Benin wo?" Ṣé ti Ẹdó ni àbí ti Kútọnú? Ọ̀pọ̀ Yorùbá ti yanjú ọ̀rọ̀ náà ní tiwọn, nítorí wọn kì í tilẹ̀ pe orílẹ̀-èdè tó bá wa pààlà ní ìwọ̀ oòrùn yìí ní Benin rárá. Kútọnú ni gbogbo rẹ̀, láti etíkun títí dé ẹ̀yìn Pàràkú. Ẹni tó bá ní ọmọ òun ń kàwé ní Kútọnú, ó lè jẹ́ Àjàṣẹ́ ni ọmọ náà wà. Àwọn àgbà ṣì máa ń sọ pé Dàhòmì. N kò rí èyí tí mo lè bá wí nínú wọn, torí pé orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Benin kò ní ìlú kankan nínú tó ni orúkọ yẹn látilẹ̀wá. Ìlú tó ni ín wà lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ó sì jìnnà sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ gan-an.

Bí orúkọ náà ṣe débẹ̀ rèé. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 1975, Mathieu Kérékou, ológun tó gba ìjọba ní oṣù kẹwàá ọdún 1972, kéde pé orílẹ̀-èdè náà kò ní jẹ́ Dàhòmì mọ́. Ọ̀rọ̀ náà nídìí. Dàhòmì jẹ́ orúkọ ìjọba kan ṣoṣo, ìjọba àwọn Fọ̀n tó fi Àgbómẹ̀ ṣe olú-ìlú. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun ọba Béhanzin, tó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1894, wọ́n mú orúkọ ìjọba tí wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n sì fi bo gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n kó mọ́ ọn. Ọmọ Kétu di ará Dàhòmì, bẹ́ẹ̀ Dàhòmì ló kó Kétu tó sì pa á run ní 1886. Àwọn Bàrìbá ní Nikki di ará Dàhòmì, àwọn tí ọba Àgbómẹ̀ kò fìgbà kan jẹ lórí wọn. Òmìnira dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960, orúkọ náà sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Orúkọ tó máa bá gbogbo wọn dọ́gba ni Kérékou ń wá. Ó bojú wo òkun, ó rí i níbẹ̀: apá òkun tó lọ láti etíkun Gánà títí dé ẹnu Odò Ọya ni àwọn atukọ̀ òyìnbó ti ń pè ní ti Benin láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, nítorí ọba ńlá tó wà ní Ìbìní. Omi náà kan gbogbo wọn lápapọ̀, kò sì sí ẹ̀yà kan tó lè sọ pé tòun nìkan ni. Nígbà tí wọ́n pa ètò ìjọba tí Kérékou gbé ka ẹ̀kọ́ Marx tì ní 1990, lẹ́yìn àpérò ńlá tí gbogbo ìlú ṣe ní oṣù kejì ọdún náà, ọ̀pọ̀ nǹkan ni wọ́n yí padà, ṣùgbọ́n orúkọ náà dúró.

Nísinsìnyí, kí ni Benin fúnra rẹ̀?

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ dàgbà, tí Jacob Egharevba, òpìtàn ọmọ Ìbìní, sì kọ sílẹ̀, ni ti Ọ̀rànmíyàn. Àwọn àgbà Ẹdó ránṣẹ́ sí Ilé-Ifẹ̀ pé kí wọ́n fún àwọn ní ọba, Ọ̀rànmíyàn ló sì lọ. Ó dé ọ̀hún, àṣà ibẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu, ìlú kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó bá pe ibẹ̀ ní Ilẹ̀ Ìbínú. Ó ní ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀, tó gbọ́ èdè ibẹ̀ láti kékeré, òun nìkan ló lè jọba lórí wọn. Ó fi ọmọ sílẹ̀ fún wọn lóòótọ́, ọmọ yẹn ló sì di Ẹwẹ́ká Kìíní, ọba àkọ́kọ́ nínú ìdílé tó wà lórí oyè títí di òní. Ilẹ̀ Ìbínú ni wọ́n ní ó di Ubini lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn Potogí tí wọ́n débẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1485 ló sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ, títí ó fi di Benin.

Àwọn Ẹdó ní ìtàn tiwọn, ó sì yẹ ká sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn ni Ẹdó, èyí tí Ọba Ẹwúarè fún ìlú náà. Ọba Erediauwa kọ̀wé pé Odùduwà gan-an jẹ́ ọmọ ọba Ẹdó, Ekaladerhan, tó kúrò nílé tó sì tẹ̀dó sí Ifẹ̀. Ẹjọ́ àgbà nìyẹn, n kò ní dá a níhìn-ín. Èyí tó kàn mí ni ọ̀rọ̀ tí ìtàn Ọ̀rànmíyàn fi sí wa lẹ́nu. Bí ìtàn náà bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ló ti Ifẹ̀ dé Ìbìní, tó bọ́ sí òkun lẹ́nu àwọn Potogí, tó wá gúnlẹ̀ sí etíkun Kútọnú lẹ́yìn bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún. Ọ̀rọ̀ náà ni ìbínú.

Bí a bá tú ìbínú palẹ̀, inú la máa bá nídìí rẹ̀. Inú bí mi, ó bí mi nínú, mo bínú. Nínú ni Yorùbá fi ìṣesí ènìyàn sí. Inú ló ń dùn, òun náà ló ń bàjẹ́. Ẹni tó ṣoore, onínúure ni. Ẹni tí kò lè gba ọ̀rọ̀ mọ́ra, inú fùfù ló ń dà á láàmú. Ẹni tó ń fi ibi san ire, onínú burúkú. Kì í ṣe ìfun àti ẹ̀dọ̀ là ń sọ nígbà yẹn, ibi tí ènìyàn ń gbé ohun tí kò tíì sọ síta sí ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa fi ní inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Orúkọ ti wà nínú kí ó tó dé ẹnu. Bí Ọ̀rànmíyàn bá sì pe ìlú kan ní Ilẹ̀ Ìbínú, ohun tó sọ lórúkọ ni inú ara rẹ̀. Ilẹ̀ náà kò ṣe ohun kan.

Ẹ wá wo orúkọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé Benin wọ̀.

Dàhòmì ni etí Yorùbá gbọ́. Bí àwọn tó ni ín ṣe ń sọ ọ́ ni Danxomɛ. Ẹ pe x yẹn bí h tó ti ọ̀nà ọ̀fun jáde, kí ẹ sì pe ɛ bí ẹ tiwa. Dàn ni orúkọ ẹnì kan. Xomɛ ni ikùn, ni inú. Danxomɛ: inú Dàn. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Àgbómẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ọba tó ti Àládà wá ń tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Wọ́n gba tòní, wọ́n tún padà wá tọrọ tọ̀la. Ìgbà tó sú ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀, Dàn, ó bi wọ́n léèrè pé ṣé inú òun ni wọ́n tún fẹ́ kọ́lé sí ni. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọn kò sì gbàgbé. Wọ́n pa Dàn, wọ́n sì kọ́ ààfin sórí ibi tí wọ́n sin ín sí. Láti ọjọ́ yẹn ni ìjọba náà ti ń jẹ́ Inú Dàn. Àwọn onímọ̀ kan ní wọ́n hun ìtàn yìí mọ́ orúkọ náà lẹ́yìn ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ìlú bá yàn láti máa sọ nípa orúkọ ara rẹ̀, inú ìlú náà ló ń fi hàn.

Ohun tó mú mi kọ àròkọ yìí wá rèé. Dàn tó sọ̀rọ̀ yẹn, inú ló ń bí i. Ọ̀rànmíyàn tó sọ tirẹ̀, inú ló ń bí i. Orílẹ̀-èdè kan náà ti jẹ́ orúkọ méjì, ìtàn orúkọ méjèèjì sì jẹ́ ti ọ̀rọ̀ tí ẹni tí inú ń bí sọ. Nínú èdè Fọ̀n pàápàá, xomɛ yẹn kan náà ni wọ́n ń lò bí àwa ṣe ń lo inú. Xomɛsin ni ìbínú. Xomɛhunhun ni ìdùnnú. Èdè wọn kì í ṣe èdè wa, Yorùbá tó dé Àgbómẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí nínú ara ènìyàn, ibẹ̀ ni àwa náà fi í pamọ́ sí.

Kì í ṣe pé a fẹ́ràn ara wa látilẹ̀. Ọ̀yọ́ gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhòmì láti nǹkan bí ọdún 1730 títí Gezo, ọba Dàhòmì, fi já a dànù ní nǹkan bí ọdún 1823. Ẹ̀gbá kò gbàgbé 1851 àti 1864, nígbà tí ogun Dàhòmì dé odi Abẹ́òkúta lẹ́ẹ̀méjì, tí àwọn obìnrin ajagun wà lójú ogun, tí Ẹ̀gbá sì lé wọn padà. Àwọn obìnrin yẹn ni òyìnbó ń pè ní Amazon. Orúkọ òyìnbó nìyẹn. Agojie ni orúkọ wọn nílé, àwọn kan sì máa ń pè wọ́n ní Minɔ, ìyẹn ni "àwọn ìyá wa". Ère ọ̀kan nínú wọn wà ní Kútọnú lónìí, ìjọba ṣí i ní 2022, gíga rẹ̀ tó mítà 30. Arìnrìn-àjò máa ń ya fọ́tò nídìí rẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá dúró níbẹ̀ mọ ìtàn náà láti ìhà kejì odi, ó sì yẹ kó sọ ọ́ fún ẹni tó bá mú un rìn káàkiri. Mo ti rí i pé wọ́n máa ń fẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹnu ló kàn lẹ́yìn inú. Ìlú ńlá méjì lápá etíkun ibẹ̀, ẹnu ló gbẹ̀yìn orúkọ wọn.

Kútọnú, ẹ tú u: kú ni ikú, àwa náà sì mọ kú, tɔ ni odò tàbí ọ̀sà, nu ni ẹnu. Ẹnu odò ikú. Ẹ máà jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù. Ìlú tó ń dún bí agogo láti àárọ̀ dé alẹ́ ni, ibi tí ìjọba ń jókòó sí, ibi tí èbúté ọkọ̀ òkun wà, ibi tí ọjà Dàntọ́kpá ti gba orúkọ lọ́dọ̀ ọ̀sà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí tɔkpa ni etí omi. Dàn tún nìyẹn níbẹ̀: Dàn ti ọjà yìí ni òrìṣà ejò, tó sún mọ́ Òṣùmàrè tiwa.

Kútọnú kọ́ ni olú-ìlú, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ rò bẹ́ẹ̀. Àjàṣẹ́ ni. Orúkọ mẹ́ta ni ìlú náà ń jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sì pe ọ̀kan nínú wọn ti sọ ibi tí òun ti wá. Àwọn Ẹ̀gùn ń pè é ní Xɔgbonu, ẹnu ilé ńlá. Àwọn Potogí ló sọ ọ́ ní Porto-Novo, èbúté tuntun, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, orúkọ yẹn ni Faransé sì kọ sínú ìwé. Yorùbá ń pè é ní Àjàṣẹ́, àwọn kan sì túmọ̀ rẹ̀ pé Àjà ló ṣẹ́gun níbẹ̀, nítorí láti Àládà, nílẹ̀ Àjà, ni Tè-Agbanlin ti wá jọba síbẹ̀. Bí ìtumọ̀ yìí bá tọ́, ẹnu ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú ni orúkọ náà ti jáde. Ìtàn ìlú náà gan-an sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọdẹ mẹ́ta láti ilẹ̀ Yorùbá ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀, pé wọ́n rí ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú òkìtì ikán, wọ́n bá sọ ibẹ̀ di ojúbọ. Abori Mẹ́sàn-án ni wọ́n ń pè é. Àwọn Ẹ̀gùn ni wọ́n pọ̀ jù nílùú náà lónìí, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dárúkọ ohun tó ṣẹ̀ wọ́n sílẹ̀, èdè wa ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń ka ẹẹ́sàn-án ní Yorùbá. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ èyí, n kò lè pe Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè mọ́.

Mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́ tún wà níbẹ̀, kí ẹ má ṣe fò ó. Ẹni tó bá rí i láti òkèèrè yóò ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn Àgùdà, àwọn tó padà láti oko ẹrú ní Brazil, ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá. Ojú rẹ̀ jọ ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Bahia, Mùsùlùmí ló sì ń kírun níbẹ̀. Ẹni tó mọ Pópó Àgùdà ní ìsàlẹ̀ Èkó, ó ti mọ ìbátan wọn: da Silva, d'Almeida, de Souza.

Glexwé ni ìlú tí òyìnbó ń pè ní Ouidah. Gle ni oko, xwe ni ilé. Ilé oko lásán ni orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kó ẹrú jáde jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà. Ẹnubodè Àìpadàbọ̀ dúró létí òkun níbẹ̀ láti 1995. Àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀ kọjá gbé orúkọ wọn lọ́wọ́: Àládà di Arará ní Cuba, ó di Rada ní Haiti. Orúkọ tí àwọn Fọ̀n ń pe àwa Yorùbá, Nàgó, di Nagô ní Brazil, Kétu sì di Ketu nínú àwọn ilé òrìṣà Bahia títí dòní. Ní 2024, ìjọba Benin ṣe òfin tó jẹ́ kí àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà lè gba ìwé ọmọ ìlú wọn. Mo ka òfin yẹn sí ohun tó dára jù tí ìjọba kan ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ní agbègbè wa. Oṣù kìíní ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún ẹ̀sìn Vodun, ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè, Glexwé sì ni èrò máa ń rọ́ lọ jù.

Àwọn kan kò gbà kí wọ́n kó wọn. Lórí adágún Nokoué, ní ẹ̀yìn Kútọnú, ni Ganvié wà, ìlú tí ilé rẹ̀ dúró lórí òpó láàárín omi. Àwọn Tofinu ló tẹ̀ ẹ́ dó nígbà tí wọ́n ń sá fún àwọn akónilẹ́rú. Wọ́n ní èèwọ̀ kò jẹ́ kí àwọn jagunjagun Fọ̀n bọ́ sínú omi lọ jà. Orúkọ náà sọ pé àwọn tó wà níbẹ̀ ti yè. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ ọjà, òun náà ni ọmọdé ń wọ̀ lọ ilé ìwé. Ẹ̀ka igi ni àwọn baba wọn ń rì mọ́ ìsàlẹ̀ omi kí ẹja lè wá ibẹ̀ forí pamọ́ sí kó sì bímọ síbẹ̀. Acadja ni wọ́n ń pe oko ẹja bẹ́ẹ̀. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò ilé, wọn a sì gbàgbé oko náà, bẹ́ẹ̀ oko yẹn ló bọ́ ìlú.

Àgbómẹ̀ wà ní bíi kìlómítà 140 sí Kútọnú. Agbo ni yàrà tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká, mɛ ni inú: ìlú inú yàrà. Inú tún nìyẹn. Àwọn ààfin ibẹ̀ ti wà nínú ìwé ohun àjogúnbá UNESCO láti 1985. Láti ibẹ̀ ni ọmọ ogun Faransé ti kó ìṣúra ọba ní ìgbà ogun Béhanzin. 26 nínú wọn ni Faransé dá padà ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Mati Diop ṣe fíìmù nípa ìpadàbọ̀ yẹn, fíìmù náà sì gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Berlin ní 2024. Orúkọ tó fún un ni Dahomey. Àwọn ìṣúra náà ti Dàhòmì lọ, Benin ni wọ́n padà bọ̀ sí. Ère Gu, òrìṣà irin tí àwa ń pè ní Ògún, kò sí nínú wọn. Paris ló ṣì wà, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìhà Yorùbá ni mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá pẹ́ sí. Kétu wà níbẹ̀, ìlú Alákétu, ọ̀kan nínú àwọn ilé àkọ́kọ́ tó jáde láti Ifẹ̀. Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ṣì dúró. Dè àti ọ̀nà ló bí orúkọ yẹn: ibi tí wọ́n ti ń de ọ̀nà de ọ̀tá. Ọ̀dọ̀ àwọn Kétu ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti tàn ká. Nígbà tí UNESCO sì fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sínú ìwé ohun àjogúnbá aráyé ní 2008, orúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ṣábẹ̀ẹ́ wà lábẹ́ àwọn òkè àpáta rẹ̀ lápá àríwá Kétu. Ìdàṣà wà láàárín òkè 41, bí wọ́n ṣe ń kà á níbẹ̀, àwọn Kátólíìkì sì máa ń wọ́ lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ lọ́dọọdún fún Màríà. Yorùbá tí wọ́n ń sọ láwọn ìlú yìí, ẹ óò gbọ́ ọ, àmọ́ ẹ óò kọ́kọ́ tẹ́tí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ògiri, ɛ àti ɔ ni ẹ máa rí dípò ẹ àti ọ tiwa, nítorí álífábẹ́ẹ̀tì kan náà ni wọ́n fi ń kọ gbogbo èdè ilẹ̀ wọn. Ọjọ́ méjì ni ojú yóò fi mọ́ ọn lára.

Ní àríwá, nílẹ̀ òkè Atacora, ni àwọn Batammariba wà, àwọn tó ń fi amọ̀ kọ́ ilé alájà bí odi kékeré. Àwọn tó mọ amọ̀ mọ ni orúkọ wọn ń wí. Apá Tógò nínú ilẹ̀ wọn wọ ìwé UNESCO ní 2004, apá Benin tẹ̀ lé e ní 2023. Ẹni tó bá ń lọ sí àríwá jìnnà, lágbègbè igbó ẹranko Pendjari, kí ó béèrè dáadáa kí ó tó gbéra, nítorí àwọn agbébọn ti da ibẹ̀ rú láìpẹ́ yìí.

Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀. Ìwé ìrìnnà ECOWAS tó fún ọmọ Nàìjíríà láti wọlé láìgba físà. Sẹ́fà ni owó wọn, kí ẹ ṣẹ́ ẹ níbi tó dájú. Èdè Faransé ni ti ìjọba, Fọ̀n àti Ẹ̀gùn ni ti ọjà Kútọnú, Yorùbá sì máa ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé ní Àjàṣẹ́. Alùpùpù tó ń gbé èrò, tí àwa ń pè ní ọ̀kadà, zémìjàn ni tiwọn. Gbólóhùn Fọ̀n ni, "gbé mi kíá". Ẹ dúnàádúrà owó rẹ̀ kí ẹ tó gùn ún.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ni pé kí ẹ má jókòó sí Kútọnú nìkan, kí ẹ ra aṣọ, kí ẹ wá padà sílé pé ẹ ti mọ Benin. Ẹ yà sí Àjàṣẹ́, ẹ béèrè ojúbọ Abori Mẹ́sàn-án. Ẹ gba Kétu lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ìdàṣà. Níbikíbi tí ẹ bá dé, ẹ bi àgbà ibẹ̀ léèrè ohun tí orúkọ ìlú náà ń sọ, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tó fi dá yín lóhùn, torí pé àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ń dín kù lọ́dọọdún.